Kábíyèsí, Ètò Àtúnṣe Ilé-Ìwé

Kábíyèsí o! Ètò Àtúnṣe Ilé-Ìwé, ọkọ Ìṣúná, bàbá Fáìlì!
A-kọ̀wé-má-kọ́lé!
Òjò-pa-ọmọ-má-pa-fáìlì!
Arìn-gbẹ̀rẹ̀ tí oyè ń dúró dè!
Bí a bá pè ọ́ lọ́dún yìí tí o kò dáhùn, a ó tún pè ọ́ lámọ́dún. Bí o kò bá dáhùn lámọ́dún, a mọ̀ pé ọba kì í jẹ́ ìpè ará ìta.

Àwọn kan wà ṣáájú rẹ tí wọn kò mọ̀wọ̀n ara wọn. Ẹ wo ìwàǹwára! July 1952 ni Olóyè S. O. Awókọ̀yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé ìwé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ síwájú ilé aṣòfin n'Íbàdàn. Nígbà tó fi máa di January 1955, àwọn ọmọ ti jókòó sí kíláàsì, iye wọn lé ní 800,000 jákèjádò Ìwọ̀ Oòrùn. Ọdún méjì àbọ̀ péré! Kí ló ń lé wọn? Wọ́n gbé ìwé kúrò lórí tábìlì kí tábìlì tó mọ̀ ọ́n lójú. Gómìnà Lateef Jákàńdè náà ṣe bẹ́ẹ̀ l'Ékòó lẹ́yìn 1979. Ó ń kọ́ kíláàsì kítikìti, kí àwọn ọmọ má baà máa pín ara wọn sí ti àárọ̀ àti ti ọ̀sán mọ́. Àwọn ẹlẹ́nu ní ilé adìyẹ ló ń kọ́. Ọmọ ènìyàn jókòó níbẹ̀, wọ́n sì kàwé jáde.

Ìwọ kọ́, Kábíyèsí! Ìwọ kò kọ́ ilé adìyẹ fún ẹnikẹ́ni rí. Ta ló lè nawọ́ sí ilé kan kó ní ìwọ lo kọ́ ọ tí kò dára? Kí ni ẹlẹ́gàn yóò rí gàn?

Ọmọ Òfin 2004! Ọlọ́lá tí òfin bí sórí owó!
Ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọ àpò ìjọba àpapọ̀ ni òfin ní kí wọ́n máa yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ mú nínú rẹ̀ fi kọ́ kíláàsì, yóò kọ ìwé ètò, yóò sì kọ́kọ́ fi ìdajì tirẹ̀ sílẹ̀, kí àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, UBEC, l'Ábújá tó tú ìdajì kejì. Èyí ni mo pè ní ọlá. Ìdajì ń wo ìdajì. Ìdajì Àbújá ní ọmọdé ni í kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀. Ìdajì ìpínlẹ̀ ní òun ṣì ń wá ẹní tí òun máa tẹ́. Bílíọ̀nù náírà wá jókòó jẹ́jẹ́, òjò ò pa á, ikán ò jẹ ẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pariwo pé owó ìjọba ń rìn lóru, ẹ wá wo owó tí kò kúrò lójú kan!

A bí ọ ní ìdúnta: kíláàsì mẹ́ta pẹ̀lú ọ́fíìsì hẹ́dímasítà. A bí ọ léṣìí: kíláàsì mẹ́ta pẹ̀lú ọ́fíìsì hẹ́dímasítà. A tún bí ọ lọ́dún yìí, owó rẹ ga sí i, kíláàsì ò pọ̀ sí i. Bí àbíkú lo ṣe ń padà sọ́dọ̀ ìyá kan náà. A sọ ọ́ ní Dúrójayé, o ò dúró. A sọ ọ́ ní Kòsọ́kọ́, o sọ ayàwòrán-ilé dèké.

Olú àpérò inú hòtẹ́ẹ̀lì!
Alága ìgbìmọ̀ tó ń yan ìgbìmọ̀!
A-wọnlẹ̀-lẹ́ẹ̀mẹ́ta-má-gbẹ́-ìpìlẹ̀!
Nínú àwòrán rẹ, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, ti ọkùnrin lọ́tọ̀, ti obìnrin lọ́tọ̀. Nínú ọgbà ilé-ìwé, igbó wà, tọkùnrin tobìnrin.

Lọ́jọ́ tó o bá sì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ayé á mọ̀. Mo pàdé rẹ nílé-ìwé kan tí n kò ní dárúkọ. Pátákó àkọlé ni adé tó o kọ́kọ́ dé: òpó irin méjì, kọnkéré ní ìdí, àwòrán olóyè ń rẹ́rìn-ín lókè, orúkọ agbaṣẹ́ṣe nísàlẹ̀. Wọ́n kọ ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí yóò parí, wọ́n fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀wọ̀. Mo fẹsẹ̀ ti kọnkéré yẹn, kò mì. Mo fọwọ́ kan ògiri kíláàsì karùn-ún, ó fi iyanrìn kí mi káàbọ̀. Ògiri lanu, alángbá ríbi wọ̀. Níbi tí ọ̀dà ti bó, mo rí àwọ̀ ewé, mo rí àwọ̀ aró lábẹ́ rẹ̀, mo rí pupa rẹ́súrẹ́sú lábẹ́ ìyẹn: ọ̀dà gómìnà mẹ́ta, ibì kan náà ló ti là.

A-fọ̀dà-ṣe-sìmẹ́ǹtì, mo júbà!

Ọmọ mẹ́rin wà lórí bẹ́ǹṣì kan, àwọn tó kù wà nílẹ̀, itan ni tábìlì wọn. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ní àgádágodo nínú gbogbo ọgbà náà, ti yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí. Mo ní òjò kì í pa fáìlì, àbí n kò sọ?

Ọjọ́ ìṣíde rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ń jó nínú oòrùn, àwọn àlejò wà lábẹ́ kanópì, wọ́n gé ríbọ́ọ̀nù, wọ́n pín omi tútù. Kanópì yẹn ni òrùlé tó dára jù tó wọ ọgbà náà rí. Ní agogo mẹ́rin, ẹni tó ni ín wá tú u lọ.

Ìjì wá ká páànù kíláàsì kẹrin. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ dáwó, wọ́n ra páànù, wọ́n bẹ káfíńtà. Ìwọ kò bínú, Kábíyèsí, ìwọ onínúure. O wá ya fọ́tò rẹ̀, o fi sínú ìròyìn àṣeyọrí rẹ.

Kádé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀, kí fáìlì máa wú sí i!

Ẹ̀yin òbí, ẹ kí Kábíyèsí dáadáa kẹ́ ẹ tó máa lọ. September ni sáà tuntun ń wọlé. Bẹ́ ẹ bá ń di ẹrù ọmọ, ẹ má gbàgbé àpótí tó máa jókòó lé.