Eku Tí Mo Fẹ́ Dẹ́rù Bà

Iṣẹ́ ìwádìí mi ní yunifásítì ni pé kí n dẹ́rù ba eku, kí n sì wọn ẹ̀rù náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún màmá mi nìyẹn. Wọ́n béèrè ẹni tó ń sanwó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní èmi ni. Wọ́n wò mí títí, wọ́n sì gba kíṣìnì lọ.

Ohun tí mò ń wá kiri ń jẹ́ neuropeptide Y. Kazuhiko Tatemoto àti Viktor Mutt ló yọ ọ́ látinú ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀ ní ìlú Stockholm, wọ́n sì kéde rẹ̀ lọ́dún 1982. Amino acid 36 péré ló so kọ́ra di odidi rẹ̀, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Bí ìpáyà bá dé, àwọn iṣan aránṣẹ́ tí ń ta ara jí á da noradrenaline sára iṣan ẹ̀jẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ á sún kì, àyà á máa lù kìkì. Inú iṣan aránṣẹ́ yẹn náà ni neuropeptide Y ń gbé, nínú àpò tirẹ̀ tó tóbi jù. Ìpáyà kékeré kì í sábà gbé e dìde. Ó dìgbà tí iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán bá ń já lura léraléra kó tó jáde dáadáa, tó bá sì ti jáde, ó di àlejò tó pẹ́ kó tó dé, tó wá kọ̀ tí kò lọ mọ́.

Ètò wa rọrùn lórí ìwé. Àwọn eku Wistar kan yóò wọ omi tútù, àwọn kan yóò wà lálàáfíà, a ó sì fi ẹ̀jẹ̀ wọn wéra. Àmọ́ àlàáfíà eku kì í ṣe ohun ọ̀fẹ́. Eku tí kò bá mọ ọwọ́ tó gbé e á páyà, èyí tí a pè ní alálàáfíà á sì dà bí èyí tó ti omi tútù bọ̀. Nítorí náà, olùwádìí fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa gbé wọn lójoojúmọ́ títí wọn yóò fi mọ òórùn rẹ̀.

Èmi sì rèé, mo ń bẹ̀rù eku. Ẹ má bi mí ìdí tí mo fi yan iṣẹ́ eku. Mo rò pé kọ̀ǹpútà ló máa ṣe èyí tó pọ̀ níbẹ̀ ni.

Bàbá Eléku ló ń tọ́jú ilé ẹranko wa. Wọ́n ní ìwé ńlá kan tí wọ́n ń kọ ìṣe eku kọ̀ọ̀kan sí: “Ó jẹun.” “Inú ń bí i.” “Ara rẹ̀ balẹ̀.” Mo bẹ̀ wọ́n pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi máa gbé wọn.”

“Dókítà, ṣé èmi ni mo fẹ́ gboyè náà ni?”

Wọ́n ṣáà ń bá mi gbé wọn, mo sì ń ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà fún wọn. Àwọn eku wá mọ Bàbá bí ẹni mọ owó. Wọn ò mọ̀ mí rárá.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀, Bàbá ti lọ sìnkú nílé. Mo wọlé pẹ̀lú kóòtù funfun tuntun, lọ́fínńdà lára, àti ìbọ̀wọ́ aláwọ tí mo yá lọ́wọ́ wẹ́dà kan. Àwọn tó wọ omi tútù kò yọ mí lẹ́nu. Ó ti rẹ̀ wọ́n. Eku alálàáfíà àkọ́kọ́ ló gbé imú sókè, tó gbóòórùn mi, tó sì sáré gba apá mi wọnú kóòtù. Mo ké. Mo fò sórí tábìlì, tábìlì dojú dé, ìgò tó wà lórí rẹ̀ fọ́, ilẹ̀kùn àgò ṣí, eku sì gba inú yàrá kan. Ó di orí àga.

Ọlọ́dẹ já wọlé pẹ̀lú kùmọ̀. “Olè ni?”

“Eku ni!”

Ó wò mí lókè àga, ó wo yàrá yíká. “Ṣebí ilé eku nibí?”

Ọwọ́ mi ti tutù nínú ìbọ̀wọ́. Mo mọ̀ pé noradrenaline ni, ìmọ̀ náà kò sì wúlò fún mi lórí àga. Nígbà tí ọlọ́dẹ kó gbogbo wọn padà sí àgò tí àyà mi ṣì ń lù, mo tún mọ̀ pé neuropeptide Y lè dí iṣan aránṣẹ́ tó yẹ kó fa ìjánu ọkàn lọ́wọ́. Láti ọdún 1984 ni wọ́n ti rí i pé bí a bá fi ohun yìí sínú ọpọlọ eku, yóò máa jẹun ṣáá. Èyí ni mo fi ṣàwíjàre àmàlà tí mo jẹ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ti inú ọpọlọ yàtọ̀ sí ti ara iṣan ẹ̀jẹ̀, mo mọ̀, àmọ́ ta ló ń wá ìyàtọ̀ nídìí àmàlà?

Ìgò ọlọ́mọrí àlùkò tí mo fi ń gba ẹ̀jẹ̀ ló fọ́. Ọlọ́mọrí pupa ló kù, mo sì fi í gba ẹ̀jẹ̀ àwọn alálàáfíà. Ẹ̀jẹ̀ ṣáà ni ẹ̀jẹ̀.

Nígbà tí àyẹ̀wò jáde, ihò àwo àyẹ̀wò tí ẹ̀jẹ̀ àwọn alálàáfíà wà pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Neuropeptide Y tiwọn ju ti àwọn tó wọ omi tútù lọ fíìfíì! Kò wá sí mi lọ́kàn pé nǹkan bàjẹ́. Mo rò pé mo ti ṣàwárí ni: ìsinmi ń já eku láyà ju òtútù lọ. Mo gbé e sórí WhatsApp. Ní Stockholm kan náà, Ulf von Euler wà lára àwọn tó pín ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1970, noradrenaline sì wà nínú ohun tó fi gbà á. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo iye owó ọkọ̀ òfuurufú.

Prof tó ń bójú tó iṣẹ́ mi wo ìwé mi lẹ́ẹ̀kan. “Ìgò wo lo fi gba ti àwọn wọ̀nyí?”

“Ọlọ́mọrí pupa, mà.”

Wọ́n bọ́ awò ojú wọn. Platelet, àwọn ẹyọ kéékèèké inú ẹ̀jẹ̀ tí ń dí ojú ọgbẹ́, kún fún neuropeptide Y lára eku. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì, wọ́n á tú u dà síta. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì wà nínú ọlọ́mọrí àlùkò. Kò sí nínú pupa. Ẹ̀jẹ̀ dídì ni mo wọ̀n. Ká tiẹ̀ ní ìgò náà pé, ẹ̀rù tí ì bá wà níbẹ̀, èmi ni mo fi ṣe wọ́n.

Prof ní kí n tún un ṣe, kí n sì fi ọwọ́ ara mi gbé àwọn eku.

Bàbá Eléku ti gbọ́ lẹ́nu ọlọ́dẹ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé mi jókòó, wọ́n sì gbé eku kan lé mi lọ́wọ́. “Má mí hẹlẹ bẹ́ẹ̀ mọ́, ò ń já a láyà.” Nígbà tí wọ́n jáde lọ bu omi, mo yọjú wo ìwé ńlá wọn. Wọ́n ti ṣí ojú ewé tuntun, kò sí nọ́ńbà eku kankan lórí rẹ̀:

“Dókítà. Ó ń gbọ̀n. Kò bu ẹnikẹ́ni jẹ.”