Ère Kì Í Wọkọ̀ Bí Èrò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ há sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ní Ọbaléndé, ẹ kú ìfaradà. Mo mọ̀ pé dánfó yín ò tíì sún, kọ̀ńdọ́ sì ń pariwo "Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Ẹ jẹ́ n bá yín sọ̀rọ̀ ẹrù kan tó tóbi ju apẹ̀rẹ̀ ata tí wọ́n gbé lé yín lẹ́sẹ̀ lọ.

Ère ni. Kì í ṣe ère kékeré tí wọ́n ń tà fún òyìnbó lẹ́nu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì o. Ère tó ga ju ilẹ̀kùn lọ, tí wọ́n ṣe ní Ifẹ̀ tàbí Òṣogbo, tí wọ́n wá ní kó dé Èkó lódidi. Lódidi ni mo wí. Oníṣẹ́ ọnà á fi ọ̀pọ̀ oṣù fara ṣe é, awakọ̀ á fi wákàtí mẹ́ta tún un gbẹ́.

Ẹni tó bá sọ̀ ní Ọbaléndé, tó fẹsẹ̀ rìn gba Oníkàn, á rí ẹṣin funfun mẹ́rin àti ẹyẹ idì pupa méje lẹ́nu ọ̀nà Tafawa Balewa Square, pápá tí wọ́n kọ́ ní 1972 síbi tí ẹṣin gidi ti ń sáré tẹ́lẹ̀. Àwọn ti ìsinsìnyí ò sáré, wọn ò sì jẹ koríko. Tó bá jáde sí Marina, á bá Ṣàngó tí Ben Enwonwu fi idẹ rọ fún iléeṣẹ́ mànàmáná ní 1964. Enwonwu yìí kan náà ló rọ ère Ọbabìnrin Elizabeth tí wọ́n pàtẹ ní London ní 1957, kó tó sọdá òkun wá sí Èkó. Ọbabìnrin jókòó ní tiẹ̀, ẹni tó bá sì jókòó kì í tètè takìtì. Ṣàngó ló nàró gbọnrangandan, àáké lọ́wọ́. Ta ni yóò sọ fún Ṣàngó pé kó tẹrí ba, bíríìjì ń bọ̀?

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìwọ̀n ère ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Irọ́ ni. Tírélà tó ń kó símẹ́ǹtì láti Ewékorò kì í bẹ̀rù idẹ. Gíga ni, àti afẹ́fẹ́, àti ọwọ́ ẹni tó di okùn. Bẹ́ ẹ bá ń wọn ère, ibi tí táyà ti kan ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe àtẹ́lẹsẹ̀ ère. Pẹpẹ tírélà fúnra rẹ̀ ga tó mítà kan àtààbọ̀. Ère mítà 4 ti di mítà 5 àtààbọ̀ nìyẹn, bíríìjì ò sì ní dọ̀bálẹ̀ fún un. Òun ni kó dọ̀bálẹ̀: ẹ tẹ́ ẹ lórí fóòmù àti táyà àtijọ́, kẹ́ ẹ sì ki nǹkan bọ abẹ́ ọrùn rẹ̀ kó má baà dá.

Okùn ńkọ́? Àwọn kan á so ó mọ́ ère lọ́rùn bí ẹni ń fa ewúrẹ́ lọ sọ́jà. Ìbàdí àti ìdí ère ni kí okùn ti mú. Ṣéènì tó bá kan igi lásán, á máa rẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀ láti Ìbàdàn títí dé Berger. Kí ọkọ̀ tó rìn jìnnà, ẹ dúró, ẹ tún okùn fà, torí ó máa ń dẹ̀. Èyí tí inú rẹ̀ ṣófo ńkọ́, tí wọ́n fi fáíbà ṣe? Ẹ má fojú di í pé ó fúyẹ́. Ẹ fi tapólín bò ó láì dì í mọ́ra, kẹ́ ẹ wá gun afárá Kátà: afẹ́fẹ́ ọ̀sà á gbà á lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó kígbe.

Ẹ ti rí ọmọkùnrin tó máa ń jókòó sórí ẹrù gíga rí, àbí? Bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀, igi gígùn lọ́wọ́, igi náà pín sí méjì lókè. Níbi tí wáyà bá ti sọ̀ kalẹ̀, á fi igi gbé e sókè, dẹ́rẹ́bà á rọra kọjá. Bóyá iná wà lára wáyà, bóyá kò sí, àdúrà ìyá rẹ̀ ló ń jẹ́. Ká ti rin ọ̀nà náà wò lọ́jọ́ tó ṣáájú, ká ti mọ ibi tí wáyà wà, kò ní gbà ju owó epo díẹ̀ lọ.

Ẹ má rò pé Èkó nìkan ló rí báyìí. Ní 1504, ní Florence ní Ítálì, wọ́n gbé Dáfídì tí Michelangelo fi òkúta gbẹ́, tó ga ju mítà 5 lọ, láti ibi iṣẹ́ lọ sí gbàgede ìlú. Ìrìn tí èèyàn lè fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá rìn gbà wọ́n ní ọjọ́ mẹ́rin, ọkùnrin tó lé ní 40 ló sì ń tì í. Wọ́n kọ́kọ́ wó ògiri òkè ẹnu ọ̀nà kó tó lè jáde. Nígbà tó dòru, àwọn ọmọ ìta ń sọ ọ́ lókùúta, àfi ìgbà tí wọ́n fi ẹ̀ṣọ́ tì í. Dáfídì kan náà tó fi òkúta pa Gòláyátì!

Àwọn Faransé ò fẹ́ irú wàhálà bẹ́ẹ̀ ní 1885. Wọ́n tú ère Òmìnira sí ọ̀nà 350, wọ́n kó o sínú àpótí 214, ó di New York. Tiwọn ni mo fara mọ́. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọnà, ẹ fi bóòtù sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ nọ́ńbà sára apá àti ẹsẹ̀, kí wọ́n má baà lọ sọ Ṣàngó di ọlọ́wọ́ òsì ní Marina.

Ó ku ìgbà tẹ́ ẹ máa rìn. Ní 2012, ìjọba Èkó ṣòfin pé tírélà ò gbọdọ̀ rìn nígboro láti aago 6 àárọ̀ sí aago 9 alẹ́, àfi ọkọ̀ epo àti bọ́ọ̀sì ńlá akérò. Òru ló kù. Títì á dá, bíríìjì á ṣófo, àmọ́ àgbèrò kì í sùn. Ká ní ẹ gbé ẹṣin onírin mẹ́ta dé Ọbaléndé ní aago méjì òru.

"Dẹ́rẹ́bà, ẹ dúró! Èrò mélòó lẹ gbé?"

"Kò sí èrò, àbúrò. Ẹṣin ni."

"Mélòó?"

"Mẹ́ta."

"Ẹ san ti mẹ́ta."

"Ère ni! Irin ni!"

Á tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹṣin iwájú lójú, á wò ó títí.

"Èyí yọ orí síta. Owó tiẹ̀ yàtọ̀."