Èmi, Róbọ́ọ̀tì àti Gẹ́ètì Bàbá Onílé

Ojú ṣì ń ta mí bí mo ṣe ń kọ èyí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n yára.

Àwọn ìbejì mi ló fà á. Wọ́n wo WALL-E, fíìmù àwòrán tó jáde ní 2008, lórí fóònù ìyá wọn títí bátìrì fi kú. Róbọ́ọ̀tì kékeré kan ló kù ní ayé tí pàǹtírí ti lé ènìyàn kúrò nínú rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa rọ́ pàǹtírí sínú ikùn ara rẹ̀, kó tẹ̀ ẹ́ di bíríkì, kó sì máa tò ó jọ. Ojú rẹ̀ méjèèjì yọ síta, ikùn rẹ̀ dà bí àpótí, ẹsẹ̀ rẹ̀ dà bíi ti katakata. Táyé ní òun fẹ́ ẹ. Kẹ́hìndé ní òun fẹ́ ẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní n ó ṣe é. Mo ti rí àwòrán iṣẹ́ Dọ̀tun Pópóọlá, ẹni tó ń fi àlòkù irin ṣe ẹranko tí ẹ ó fẹ́ẹ́ ju eegun fún, mo wá gbà lọ́kàn mi pé ohun tó fi jù mí lọ kò ju ẹ̀rọ ajórin. Mo bá yá ẹ̀rọ ajórin.

Ní Aráròmí, ní Gẹ́ètì n'Ìbàdàn, níbi tí ọkọ̀ tó kú ti ń jíǹde lẹ́yọ lẹ́yọ, mo ra ṣọ́ọ̀kì ọ̀kadà fún ọrùn, iná iwájú méjì fún ojú, fọ́ọ̀kì fún apá, ṣéènì fún ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ ìfọṣọ kan tó ti fẹ̀yìn tì ló di ikùn. Iye tí mo ná kò ní í hàn níbí, ìyàwó mi mọ̀wé kà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń jó irin pọ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni mo kú sí. Ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi nǹkan bí ẹfun bò ni wọ́n ń pè ní ẹlẹ́kítíródù. Wáyà kan gbé e dání, wáyà kejì, tó ń jẹ́ éètì, bu irin tí ẹ ń jó jẹ. Ẹ ó fi ẹnu ọ̀pá náà ha irin bí ẹni ṣáná, ẹ ó sì gbé e sókè díẹ̀ báyìí, iná á fò sáàárín, irin méjèèjì á yọ́. Ẹfun yẹn á di èéfín tó ń lé afẹ́fẹ́ kúrò lórí irin yíyọ́, ìyókù á sì dì lé e lórí di ìdàrọ́, tí ẹ ó fi òòlù gbá dànù. Bí ẹ bá gbé e jìnnà jù, á kú. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù, á lẹ̀ mọ́ ọn. Tèmi lẹ̀ mọ́ ọn nígbà mọ́kànlá. Mo kà á.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ géèjì. Mo rò pé nọ́ńbà kékeré ni ọ̀pá kékeré, ni mo bá ra géèjì 10. Àṣé géèjì 12 ló tínrín! Géèjì 10 kò kọ irin tó nípọn, ṣùgbọ́n ara ẹ̀rọ ìfọṣọ bí bébà ni lójú rẹ̀. Ibi tí mo bá ti fi kàn án, ihò ni. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, WALL-E ti dà bí ajẹ́rẹ́.

Kò sì lè dá dúró. Orí rẹ̀ wúwo ju ìdí lọ, ó ń dojú bolẹ̀ bí ọ̀mùtí. Mo bá gbé e ti gẹ́ètì, ní àárín ibi tí ewé méjèèjì ti pàdé. Ẹnu éètì mi kò bu nǹkan jẹ dáadáa mọ́, mo fi há gẹ́ètì náà níbi tí ọ̀dà ti bó. Jígí ìbòjú jórinjórin dúdú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ kò ní rí nǹkan kan àfi bí iná bá ti ṣẹ́. Nítorí náà mo ń ṣí i sókè kí n lè rí ibi tí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo ṣáná, kí n tó tún fà á bojú. Gílóòbù gbogbo ilé ń ṣẹ́jú. Mo jó apá, mo jó ìdí, mo sì lọ sùn pẹ̀lú ẹ̀rín.

Aago méjì òru ni iyanrìn dé, gbígbóná, lábẹ́ ìpéǹpéjú méjèèjì. Ìmọ́lẹ̀ yẹn a máa jó ẹyinjú bí ẹni fi oòrùn yan án, ṣùgbọ́n ó lè tó wákàtí mẹ́fà sí méjìlá kó tó wá gba gbèsè rẹ̀. Jígí dúdú tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì kò lè dá a dúró, síbẹ̀ òun ni ẹ ó rí lójú ọmọ iṣẹ́, bí ọ̀gá rẹ̀ bá tilẹ̀ ra á fún un. Mo ti rí ọmọ tí kò tíì hu irùngbọ̀n tó ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó ṣáná, tí ọ̀gá rẹ̀ jókòó, tí ìbòjú wà lórí itan rẹ̀. Kí ni ká pe ìyẹn? Ẹ jẹ́ á padà sórí ìtìjú tèmi.

Aago mẹ́jọ kù díẹ̀, fèrè ọkọ̀ dún. Bàbá onílé ni alága ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ́jọ́ náà. Fèrè tún dún. Lẹ́yìn náà ni ohùn:

"Ta ló gbé òrìṣà sẹ́nu gẹ́ètì mi?"

Ìyàwó mi fà mí lọ́wọ́ jáde bí alágbe afọ́jú, aṣọ tútù lójú mi. Mo dọ̀bálẹ̀ síbi tí mo rò pé Bàbá wà. Ìyàwó mi rọra yí mi síbi tó wà gan-an.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Róbọ́ọ̀tì ni. Ẹ jẹ́ kí n gbé e kúrò."

Mo táràrà títí mo fi bá orí rẹ̀, mo gbé e. Kò mira. Mo tún gbé e. Gẹ́ètì ló mira.

"Bàbá Ìbejì," ni Bàbá wí, ohùn rẹ̀ rọ̀. Ẹni tó ti háyà ilé rí mọ̀ pé ohùn rírọ̀ onílé ló burú jù. "Kí ló dé tí irin yín ò fẹ́ kúrò lára irin mi?"

Ẹ rántí géèjì 10. Gbogbo ibi tí mo fẹ́ kó mú, kò mú. Gẹ́ètì nìkan ló nípọn tó o. Ìdí WALL-E ti so ewé méjèèjì pọ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì ti gbá ilẹ̀kùn kékeré inú gẹ́ètì mú, bí ẹni tí kò fẹ́ kí àlejò lọ. Ilé mẹ́fà, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Àwọn ayálégbé dúró nínú aṣọ ìkórè. Ìyá kan bẹ̀rẹ̀ sí í bá róbọ́ọ̀tì náà wí ní orúkọ Jésù. Òmíràn ní kí wọ́n wá omi ọmú ìyá ọlọ́mọ kán sí mi lójú, ẹnì kan sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Wọ́n gbé àkàbà ti ògiri. Mi ò rí i, àmọ́ mo gbọ́ ọ: igi ń ké, agbádá aṣọ òkè ń fà, ẹnì kan ní "Bàbá, ẹ rọra," nǹkan sì ya fàà.

Jórinjórin tí wọ́n pè gba orí àkàbà kan náà wọlé. Ó fi òòlù gbá ojú jíjó náà, ó gbá a lẹ́ẹ̀kejì.

"Ta ló jó èyí?"

"Èmi ni."

"Ó dára gan-an o."

Bó ṣe so ẹ̀rọ ìgérin rẹ̀ mọ́ná, wọ́n mú iná lọ. Ayùn irin ló fi gé e títí ìsìn fi parí. Nígbà tó dé ọwọ́ òsì, apá rẹ̀ ti ro ó. Ó gé e níbi ọrùn ọwọ́, ó sì kó irinṣẹ́ rẹ̀.

WALL-E wà lẹ́yìn ilé wa báyìí, ó ti ògiri, ọwọ́ kan ni. Bàbá ní n ó kun gẹ́ètì náà lọ́dà tuntun, ṣùgbọ́n kò ní kí n yọ ọwọ́ tó kù lára rẹ̀. Ibẹ̀ ló ń fi àgádágodo kọ́ sí. Láàárọ̀, àwọn ìbejì a bọ gẹ́ètì lọ́wọ́ kí wọ́n tó lọ sílé ìwé.