Ọlọ́ẹ̀fẹ̀, Ó Ti Yà Sílé Tiyín

Ẹ̀yin bàbá wa Ọlọ́ẹ̀fẹ̀, ẹ̀yin akọrin òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti Pobè àti ti Sakété,

Ẹ má bínú pé ojú gbogbo ayé ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ ọ. Ta ni nínú wa tí ẹ pè sí kọ̀rọ̀ rí kí ẹ tó fi í kọrin? A ó jókòó sọ́jà lóru, a ó máa fi ẹlòmíràn rẹ́rìn-ín títí orin yóò fi yà sílé tiwa. Lónìí, ó ti yà sílé tiyín.

Kí n tó gún yín, ẹ jẹ́ kí n yìn yín díẹ̀.

Ní 1943, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun ní Detroit, ní Amẹ́ríkà. Ènìyàn 34 ló kú. Jìnnìjìnnì mú àwọn ará Chicago, ni olórí ìlú wọn bá yára yan ìgbìmọ̀ kan pé kí wọ́n máa wá bí aráàlú yóò ṣe máa bá ara wọn gbé láìjà. Látìgbà náà, ọ̀pọ̀ ìlú ní Amẹ́ríkà ló ti ní irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ kì í sábà gba owó oṣù. Wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí wọ́n fojú pa rẹ́, wọ́n ń bá àwọn aládùúgbò làjà, wọ́n ń gba ìjọba ìlú nímọ̀ràn. Nígbà tí mo gbọ́, ẹ̀rín pa mí. Mo ní, ṣé kì í ṣe iṣẹ́ Ọlọ́ẹ̀fẹ̀ nìyí?

Ẹ̀yin kò gba sẹ́fà kan lọ́wọ́ mẹ́rì. Ẹ kò ní tábìlì, ẹ kò ní òǹtẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó já ilẹ̀ àbúrò rẹ̀ gbà, ẹni tó kó owó ẹgbẹ́ jẹ, ẹni tó ń lu ìyàwó, gbogbo wọn ló ń bẹ̀rù òru yín ju ṣàndámù lọ. Ẹ lè má dárúkọ rárá. Ẹ ó kàn sọ ibi tí ilé rẹ̀ kọjú sí àti àwọ̀ alùpùpù rẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ gbogbo ìlú ti mọ̀ ọ́n. Kò sì gbọ́dọ̀ gbẹ̀san, torí abẹ́ àṣẹ àwọn ìyá wa lẹ ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀rín ni ìyà rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì òun fúnra rẹ̀ ni yóò kí yín kú àìsùn.

UNESCO náà rí i. Ní 2001 wọ́n kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ogún gbogbo ayé, ní 2008 wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Mo fura pé ibẹ̀ ni orí yín ti bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tó fi jẹ́ pé agbára káká ni ère fi ń wọ̀ ọ́ mọ́.

Ó yá, ìyìn ti tó.

Nínú ìkànìyàn Benin ní 2013, àwọn ará Pobè lé ní 120,000, ti Sakété lé ní 110,000. Ṣé Nàgó bíi tiwa ni gbogbo wọn? Gun wà níbẹ̀, Tọ̀rí wà, Fọ̀n wà, Ọ̀họ̀rí wà, Fúlàní wà lẹ́yìn oko. Ẹ ó kọrin ní èdè Nàgó láti alẹ́ dé àfẹ̀mọ́júmọ́. Ìyá Gun tó ń ta àkàsà yóò máa rẹ́rìn-ín nígbà tí àwọn yòókù bá ń rẹ́rìn-ín, kò sì ní mọ̀ bóyá òun gan-an ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín.

Àwọn agbẹ́gilére yín mọ àlejò í gbẹ́. Wọ́n gbẹ́ yòvó tòun ti fìlà rẹ̀, wọ́n gbẹ́ oníláwàní, wọ́n gbẹ́ alùpùpù àti ọkọ̀ òfúrufú. Àlejò wá ń gorí yín, kò sì rí àyè jókòó níwájú yín! Ẹ wo ti Fúlàní: ní oṣù Kejìlá 2019, ìjọba Benin fòfin de dída màlúù wọlé láti ilẹ̀ òkèèrè. Òfin lè dá màlúù dúró lẹ́nu ààlà. Kí àgbẹ̀ àti darandaran tó ti wà nínú ilé tẹ́lẹ̀ mọ orúkọ ara wọn, iṣẹ́ ẹnu yín nìyẹn.

Ẹ wo àwọn Ọ̀họ̀rí. Ní 1914 wọ́n dìde sí Faransé, wọ́n sì jà wọ 1915. Àwa ará ìlú tí à ń fi akọni wọn yangàn lọ́jọ́ àjọ̀dún, àwa náà là ń fi ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ wọn ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ ọjà. Ẹ gbọ́ yẹ̀yẹ́ yẹn, ẹ dákẹ́.

Ẹ tún yà sí ilé ìwòsàn Raoul Follereau ní Pobè, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú egbò Buruli. Láàárín 2005 sí 2011, àwọn tí àyẹ̀wò fi hàn pé àrùn yìí wà lára wọn níbẹ̀ lé ní 1,200, ọmọdé ló sì pọ̀ jù. Àwọn kan ti Nàìjíríà wá, wọ́n sọdá ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà sáàárín wa ní 1889. Oògùn ń wo egbò náà sàn. Ṣùgbọ́n tí ọmọ bá padà sílé tòun ti àpá, aládùúgbò á ní èpè ni, á fa ọmọ tirẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ má fi àpá ṣẹ̀fẹ̀ o. Aládùúgbò yẹn ni kí ẹ fi ṣe é, kí ẹ fi í ṣe é dójú àmì.

Ọ̀rọ̀ mi kò ju èyí lọ: ní ìlú tiwa, ẹni tí Ọlọ́ẹ̀fẹ̀ kò bá tíì fi kọrin rí, àlejò ni, bó tilẹ̀ ti lo ogún ọdún níbẹ̀. Ẹni tí à ń fi ṣẹ̀fẹ̀ lójú rẹ̀, tó gbọ́, tó lè rẹ́rìn-ín, tó sì lè fèsì, ọmọ ìlú nìyẹn. Yẹ̀yẹ́ tí à ń ṣe lẹ́yìn ẹni kì í sọ ẹnikẹ́ni di ará ilé.

Nítorí náà, lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ kọ orin kan ní èdè Gun. Ẹ wá Fúlàní kan tí yóò kọ́ yín ní ẹsẹ kan péré ní èdè tirẹ̀. Bí ahọ́n yín bá kọsẹ̀, ẹ jẹ́ kí òun náà fi yín rẹ́rìn-ín. Ó tọ́ sí i. Ẹ ránṣẹ́ pe àwọn ìyá ọlọ́mọ láti ilé ìwòsàn, ẹ fún wọn ní ìjókòó iwájú, níbi tí àwọn olóṣèlú ti máa ń jókòó. Àwọn olóṣèlú lè dúró. Ọjọ́ ìbò nìkan ni mo ti rí i kí wọ́n dúró pẹ́ níwájú wa.

Bí inú bá bí yín, ẹ má fèsì sí ìwé ìròyìn. Ẹ mọ ilé mi, ẹ mọ ibi tó kọjú sí. Alùpùpù mi kò kúkú ní àwọ̀ mọ́, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ tán. Ẹ fìyẹn náà kún orin.

Èmi ni tiyín,
ọmọ Nàgó kan tí ẹ kò tíì fi kọrin rí