Kọ́kọ́rọ́ Kan, Ilẹ̀kùn Ogójì

Mo jẹ̀bi, ẹ má wulẹ̀ pe ẹlẹ́rìí. Pásíwọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni mo fi ń wọ ímeèlì, báńkì, Facebook àti ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ra bàtà lórí íntánẹ́ẹ̀tì: orúkọ àkọ́bí mi, pẹ̀lú ọdún tí a bí i. Bí wọ́n bá ní kí n pààrọ̀ rẹ̀, màá fi 1 kún un. Tó bá tún yá, 1 á di 2. Mo sì láyà láti pe ìyẹn ní àtúnṣe, bí ẹni tó yí ẹ̀yìn aṣọ tó dọ̀tí síta tó ní òun ti fọ̀ ọ́. Olè kì í jókòó máa ro orúkọ ọmọ mi. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2009, wọ́n kó pásíwọ́ọ̀dù bíi mílíọ̀nù 32 ní ilé iṣẹ́ RockYou ní Amẹ́ríkà, gbalaja ni ilé iṣẹ́ náà tò ó sílẹ̀ níbẹ̀. 123456 ló pọ̀ jù nínú wọn. Èyí tí wọ́n bá jí níbì kan, wọn á gbé e káàkiri fi dán ilẹ̀kùn mìíràn wò. Bí ṣọ́ọ̀bù oníbàtà bá jò pẹ́nrẹ́n, báńkì mi ti ṣí sílẹ̀ nìyẹn.

Àwọn kan á ní ṣebí wọ́n kọ́ wa pé ká máa pààrọ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè, ká máa fi àmì kún un. Òótọ́ ni. Bill Burr ló kọ ìlànà yẹn ní 2003 fún NIST, àjọ òṣùwọ̀n ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní 2017, ó sọ fún oníròyìn pé òun kábàámọ̀ púpọ̀ nínú rẹ̀. Irú èmi ló sì ba iṣẹ́ ọkùnrin náà jẹ́: ó ní ká fi àmì sí i, a sọ lẹ́tà a di @, àfi bí ẹni pé olè kò rí @ rí. NIST alára yí ohùn padà lọ́dún náà: ẹ má fipá mú èèyàn pààrọ̀ rẹ̀ láìsí ẹ̀rí pé ó ti jò. Kọ́kọ́rọ́ ọ̀tọ̀ fún ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ló kù: ti ímeèlì ló yẹ kí n kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀, torí ẹni tó bá wọ ibẹ̀ á kàn tẹ "mo ti gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù" níbi gbogbo ni. Ta ló wá lè há ogójì pásíwọ́ọ̀dù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sórí? Kò sí. Fernando Corbató, tí iṣẹ́ rẹ̀ ní MIT mú pásíwọ́ọ̀dù wọ kọ̀ǹpútà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, jẹ́wọ́ ní 2014 pé ojú ìwé mẹ́ta lòun kọ tòun sí. Bí baba pásíwọ́ọ̀dù bá ń kọ ọ́ sílẹ̀, kí ni mo ń tijú sí? Olè orí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè nawọ́ dé ìsàlẹ̀ àpótí tí ìwé ilẹ̀ mi wà. Bí ìgárá bá já ilẹ̀kùn ńkọ́? Tẹlifíṣọ̀n ni yóò kọ́kọ́ gbé, èmi á sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé wọ́n ti wọlé. Olè ti orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í já ilẹ̀kùn. Àmọ́ àpótí kọ́ ni mo kọ tèmi sí. Inú fóònù ló wà, láàárín nọ́ńbà àwọn ará àti ọ̀rẹ́: díjíìtì mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nọ́ńbà ẹnì kan tó ń jẹ́ Alàgbà PIN.