Adájọ́ Fújì ti Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Adájọ́ fújì ni ọkùnrin tó ń fi ọjọ́ ayé rẹ̀ dájọ́ láàrin olórin méjì tí ìkankan nínú wọn kò gbé ẹjọ́ wá síwájú rẹ̀. Obìnrin kì í sábà sí nínú wọn. Àwọn obìnrin ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ ní Èkó, a máa wà nídìí oníwèé ìròyìn ní Bọ́ládé, ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Máfólúkù, àti lórí ìjókòó ẹ̀yìn nínú dánfó tó ń ti Cele bọ̀ ní Òṣòdì. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Kò kọrin rí, kò lùlù rí, ìyẹn ò sì dí i lọ́wọ́.

Ẹjọ́ àgbà tó wà níwájú rẹ̀ ni ti Síkírù Àyìndé Barrister àti Kollington Àyìnlá. Inú wéré ni àwọn méjèèjì ti jáde wá, ìyẹn orin tí àwọn ọ̀dọ́ fi máa ń jí Mùsùlùmí fún sààrì lóṣù ààwẹ̀. Àwọn méjèèjì ṣe ṣójà. Àwọn méjèèjì di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní àwọn ọdún 1970, nígbà tó sì di àwọn ọdún 1980, wọ́n ń fi àwo sọ òkò ọ̀rọ̀ síra wọn. Barrister ló sọ pé àwòrán òkè Fuji ti ilẹ̀ Japan, tí òun rí ní pápákọ̀ òfuurufú, ni òun ti mú orúkọ orin náà. Adájọ́ tó bá ti Barrister lẹ́yìn a máa sọ ìtàn yìí bí ẹni tó bá a gbé báàgì lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò ṣòro láti tò. Barrister ní ohùn, ó ní sùúrù ìtàn gígùn, ó mọ bí a ṣe ń fi ìmọ̀ràn, àdúrà àti oríkì hun ara wọn, ó sì ń fẹ ẹgbẹ́ onílù rẹ̀ lójú sí i títí tó fi dé orí Fuji Garbage ní 1988. Kollington mú bàtá wọ inú fújì, orin sì yí padà: ó yára, ó le, ẹnu rẹ̀ mú, bó bá sì fẹ́ bá ènìyàn wí, kì í wá aṣọ bò ó. Ẹni tó fẹ́ jókòó ronú á gbọ́ Barrister, ẹni tó fẹ́ dìde jó á gbọ́ Kollington, ẹni tó mọ adùn á gbọ́ àwọn méjèèjì. Adájọ́ fújì kò sí nínú àwọn mẹ́ta yìí. Ohun tó ń gbọ́ àwo fún ni láti mọ ẹni tí wọ́n ń bú nínú rẹ̀. Bí olórin bá ti ń kìlọ̀ fún ọ̀rẹ́ ọ̀dàlẹ̀, adájọ́ á na ìka sókè: “Ṣé ẹ gbọ́ yẹn? Ta lẹ rò pé ó ń bá wí?” Kí ìka náà tó padà wálẹ̀, ìlù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn làágùn lù ti kọjá lọ.

Adájọ́ Ìsọlọ̀ àti ti Òṣòdì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìsọlọ̀ ni Barrister kọ́ ilé rẹ̀, Fuji Chambers, sí; nígbà tó sì kú sí London lọ́jọ́ 16 oṣù kejìlá ọdún 2010, Ìsọlọ̀ náà ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ wá sin. Nítorí náà, àdúgbò ni ìwé ẹ̀rí adájọ́ Ìsọlọ̀. Ó mọ géètì náà. Ó mọ iye mọ́tò tó ń wọlé, ó sì mọ ọjọ́ tí wọ́n yí gíláàsì mọ́tò wálẹ̀ kí àwọn tó dúró létí títì, òun náà sì wà lára wọn. Alágbàdo ni Kollington ń gbé ní tirẹ̀, ó sì jìnnà. Lójú adájọ́ Ìsọlọ̀, owó ọkọ̀ nìkan ti tó láti jẹ́ kó pàdánù ẹjọ́. Kollington wà lára àwọn tó dárò Barrister nígbà tó kú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fi tó adájọ́ létí pé ìjà ti tán.

Adájọ́ Òṣòdì kò ní ilé olórin kankan tó lè nàka sí. Kásẹ́ẹ̀tì ni ọlá tirẹ̀. Kí ìjọba Babátúndé Fáṣọlá, gómìnà Èkó nígbà náà, tó wó àwọn ìsọ̀ Òṣòdì ní oṣù kìíní ọdún 2009, ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá pariwo jù ló ń jàre níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni orin kó sínú mẹ́mórì káàdì àti fóònù. Adájọ́ gbà pé ọ̀sẹ̀ tí wọ́n wó ìsọ̀ gan-an ni fújì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ó ti wo ibùdókọ̀ ńlá tí wọ́n ṣí ní 2019, ó ní ó dára, ó wá béèrè ibi tí wọ́n fi ẹ̀rọ orin sí.

Ìgbẹ́jọ́ kì í pẹ́. Ọmọkùnrin kan á gbìyànjú: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ṣùgbọ́n bàtá Kollington yẹn…”

“Ọdún wo ni wọ́n bí ẹ?”

“Ọdún 1994, sà.”

“Ó tán.”

Ibi tí ìlànà yìí ti ń já adájọ́ kulẹ̀ ni ọ̀rọ̀ olórin fújì Wàsíù Àyìndé, tó ti bá Barrister ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹ̀yìn kó tó gbé Talazo '84 jáde ní 1984, tí Aláàfin Làmídì Adéyẹmí Kẹta sì fi jẹ Máyégún ilẹ̀ Yorùbá ní 2020. Bí ọjọ́ orí bá jẹ́ ẹ̀rí, ọmọ kò gbọdọ̀ ga tó bàbá láé. Adájọ́ á ní oyè kì í ṣe orin. Lọ́jọ́ kejì, bí wọ́n bá béèrè ìdí tí Barrister fi ga ju Kollington lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í ka oyè. Ti Pasuma àti Saheed Òṣùpá, àwọn olórin fújì tó tẹ̀lé wọn, kò gba àkókò rẹ̀ rárá: ó fi Òṣùpá lé àwọn tó fẹ́ràn ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ó fi Pasuma lé àwọn tó fẹ́ jó lọ́wọ́, ó ní ilé ẹjọ́ kékeré lèyí.

Irú rẹ̀ wà nílẹ̀ òyìnbó. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1995, ẹgbẹ́ onígìtá méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Blur àti Oasis, gbé orin jáde lọ́jọ́ kan náà, ìwé ìròyìn sì sọ ọ́ di ìjà. Blur ló tà jù lọ́sẹ̀ náà. Àwọn tó ń jiyàn kàn ń sọ ìlú tí wọ́n ti wá ni, London tàbí Manchester. Bí wọ́n bá já adájọ́ Òṣòdì sílẹ̀ láàrin wọn, kó tó di ìrọ̀lẹ́ á ti béèrè ọdún tí wọ́n bí ẹnìkan.

Ìgbà kan ṣoṣo ni adájọ́ àti fújì máa ń fojú kanra, ìyẹn lóde àríyá tí olórin fúnra rẹ̀ wá ṣeré. Adájọ́ á jókòó níwájú, á máa ṣàlàyé fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ orin náà tẹ́lẹ̀. Á kígbe pé kí wọ́n kọ ti 1983. Olórin á wo ọwọ́ rẹ̀, á rí i pé kò sí owó níbẹ̀, á sì yíjú sí ọmọ aláṣọ kan láti ọjà Aswani tó ń náwó lé e lórí, á bẹ̀rẹ̀ sí í ki bàbá rẹ̀. Adájọ́ á dìde, á gbọn agbádá rẹ̀, á sì kéde fún gbogbo tábìlì pé fújì ti bàjẹ́.