Àga Ojú Fèrèsé Kì Í Ṣe Oyè Ìdílé

Ní Ẹnu Ọ̀wá, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí wọ́n bí mi sí, mi ò tíì rí ìjòyè tó dé iwájú Ọba tó wá ń béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n jókòó sí?" Ìjòyè onífìlà funfun mọ ibi tí ìdí rẹ̀ ń gbé. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n pín sí: Akárìgbèrè, Ìdẹ́jọ, Ògáládé àti Àbàgbọ́n. Ìdẹ́jọ kò ní lọ fìdí kó sí àga Àbàgbọ́n, bó ti wù kí oòrùn máa pa á tó. Ẹ wá wo inú bàálù ńlá tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀nà mẹ́rin náà ni wọ́n pín àwọn kan nínú wọn sí: fáàsì kíláàsì, bísínẹ́ẹ̀sì, ìkọ́nọ́mì àwọn tó rọ́wọ́ họrí díẹ̀, àti ìkọ́nọ́mì tiwa, "ẹ ṣáà jẹ́ ká débẹ̀". Mi ò mọ ẹni tó wo iṣẹ́ ẹnì kejì. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé wọn kì í ta fìlà funfun lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó kéré tán, mi ò tíì rí ibi tí wọ́n pàtẹ rẹ̀ sí.

Ìyàtọ̀ yìí ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Àlàájà, kò gbà. Ọmọ rẹ̀ bímọ ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ó fẹ́ lọ bá a wẹ ọmọ. Ó pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó na ìka sí mi: "Ìwọ lo kàwé. Lọ bá mi ra tíkẹ́ẹ̀tì. Iwájú ni kó o gbé mi sí o. Ọmọ Ẹnu Ọ̀wá kì í jókòó sẹ́yìn." Mo ní, "Ó ti yé mi, mà." Irọ́ ni mo pa. Kò yé mi.

Mo gba Broad Street lọ, mo bá ọmọkùnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ó tẹ kọ̀ǹpútà, ó dárúkọ owó. Mo ní kó jẹ́ kí n pe Àlàájà ná. Àlàájà ní kí n ná an wálẹ̀. Kí n tó gbé fóònù kúrò létí, owó ti gun òkè. Inú bí mi. Mo bi ọmọkùnrin yẹn pé ṣé torí mo ní kó dín in ni. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kì í ṣe èmi." Ó wá ṣàlàyé fún mi pé àga ìkọ́nọ́mì kan náà ni, iye orí rẹ̀ ló pọ̀ jáǹtìrẹrẹ, bí èyí tó pọ́ọ́kú bá ti tán, ẹ̀rọ á ṣí ti òkè rẹ̀. Èèyàn mẹ́ta lè jókòó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́, kí wọ́n jẹ ìrẹsì kan náà, kí owó tí ọ̀kan san sì jẹ́ ìlọ́po méjì ti ẹnì kejì. Ní ọjà Balógun, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe bí ẹni tó fẹ́ lọ, òun ló ń rà á pọ́ọ́kú. Ẹ ṣe bí ẹni tó fẹ́ lọ fún ẹ̀rọ bàálù wò. Kò ní pè yín padà.

Àfi tí ẹlòmíràn bá bá wa ná an. Nígbà tí Air Peace bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti Èkó lọ sí Gatwick ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹta, 2024, kò pẹ́ tí àwọn ọkọ̀ òkèèrè tó ti ń sọ fún wa pé owó kò ṣe é dín fi rí i dín. Ìdí tí kò fi ṣe é dín tẹ́lẹ̀, ẹ bi wọ́n.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ àga. Ọmọkùnrin náà ṣí àwòrán inú ọkọ̀, mo gbé e sí Àlàájà lójú lórí WhatsApp. Mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mẹ́rin láàárín, mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì: ABC, DEFG, HJK. Ojú Àlàájà mú ju tèmi lọ.

"I dà?"

Ọmọkùnrin náà ní wọn kì í lo I torí ó jọ nọ́ńbà 1. Àlàájà mi orí. "Irọ́ ni. Wọ́n ti fi ẹlòmíràn jẹ ẹ́."

Ó tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn pàjáwìrì, torí ibẹ̀ gbòòrò, èèyàn lè na ẹsẹ̀ bó ṣe wù ú. Wọ́n ní rárá, ẹni tó lágbára láti ṣí ilẹ̀kùn bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń gbé síbẹ̀. Àlàájà ní, "Ṣé èmi ni màá máa ṣílẹ̀kùn? Wọn ò lọ́mọ ọ̀dọ̀ ni?" Ìlà iwájú tó kọjú sí ògiri ńkọ́? Ibẹ̀ ni wọ́n ń fi ibùsùn ìkókó kọ́ sí. Ó ní ọmọ lòun ń lọ bá, kí ọmọ má wá pàdé òun lọ́nà. Ìlà tó kẹ́yìn pátápátá, ẹ̀yìn àga ibẹ̀ sábà máa ń kọ̀ láti tẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì ni aládùúgbò rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ìyẹ́ ni bàálù kì í ti í gbọ̀n púpọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹ́ náà lẹ ó máa wò láti Ìkẹjà títí tí ẹ ó fi bọ́ sílẹ̀.

Ọmọkùnrin náà ní 11A ni àwọn èèyàn ń béèrè báyìí. Ìdí rẹ̀ kò pamọ́. Nígbà tí bàálù Air India já ní Ahmedabad lọ́jọ́ 12, oṣù Kẹfà, 2025, ẹnì kan ṣoṣo ló yè nínú àwọn 242 tó wà nínú rẹ̀, 11A ló sì jókòó sí. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Àwa wá sọ nọ́ńbà di tírà. 11A ti ọkọ̀ kan wà nítòsí ilẹ̀kùn, ti ọkọ̀ mìíràn kò tilẹ̀ ní fèrèsé. Òyìnbó náà kò sì yàtọ̀ sí wa: ẹ wọ bàálù Lufthansa, ẹ wá ìlà 13, ẹ wá ìlà 17, kí ẹ wá sọ fún mi bí ẹ bá rí i.

A fẹnu kò sí 12A. Wọ́n gba owó rẹ̀ lọ́tọ̀. Owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀, owó ibi tí ìdí yóò gbé lọ́tọ̀. Èmi tí mo rò pé ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ti ra ìjókòó, àṣé àyè àtiwọlé ni mo rà, kí n máa rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn bíi kọ́ńdọ́ mólùẹ́.

Àwọn baba wa kò rí irú èyí. Láti 1951 di 1974, ọkọ̀ ojú omi Aureol ló ń gbé wọn lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ọ̀sẹ̀ méjì lórí omi, ẹni tó wà ní fáàsì kíláàsì mọ ara rẹ̀, ẹni tó wà ní kábìn mọ ara rẹ̀. Ó wá kan Nigeria Airways, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1958 tó sì kógbá wọlé ní 2003. Àwọn tó wọ̀ ọ́ nígbà tí nǹkan ti ń dojú rú máa ń sọ fún wa pé ẹni tẹ́sẹ̀ rẹ̀ yá ló ń jókòó sójú fèrèsé. Alágbàdá á ká a sápá, á máa sáré lọ sídìí bàálù bí ẹni tí Ẹ̀yọ̀ ká bàtà mọ́ lẹ́sẹ̀.

Ọkọ̀ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò jà lórí àga rẹ̀ ni Nigeria Air. Ìjọba ṣí aṣọ lójú orúkọ àti àmì rẹ̀ ní Farnborough lóṣù Keje 2018, wọ́n dá a dúró lóṣù Kẹsàn-án. Nígbà tó di ọjọ́ 26, oṣù Karùn-ún, 2023, tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ìjọba ìgbà náà palẹ̀ mọ́, bàálù kan gúnlẹ̀ sí Àbújá tòun ti ọ̀dà Nigeria Air lára. Ethiopian Airlines ló ni ín. A pàtẹ́wọ́. Aṣọ àyálò lọ sóde, òde parí, aṣọ padà sọ́dọ̀ olówó rẹ̀.

Ọjọ́ ìrìn àjò Àlàájà pé. A gba orí afárá Third Mainland, ó ń ka tẹ̀sùbáà. A dé iwájú káńtà. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín sí wa, ó fún wa ní páàsì: 41E. E! Sáàárín èèyàn mẹ́rin. Mo fa rìsíìtì yọ. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Wọ́n ti pààrọ̀ bàálù, àga inú ẹ̀ yàtọ̀." Mo ṣí àdéhùn wọn lórí fóònù, lẹ́tà rẹ̀ kò ju ẹyin iná orí lọ. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́ pé àga tí a sanwó rẹ̀ kì í ṣe àga tí wọ́n ṣèlérí, àti pé wọ́n lè ṣí wa nípò nígbà tó bá wù wọ́n.

Àlàájà tẹjú mọ́ ọmọbìnrin náà. "Ta ló rọ̀ mí lóyè?"

Ọmọ náà kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Ní 1925, ìjọba òyìnbó rọ Elékòó Èṣùgbàyí lóyè, wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Elékòó pẹjọ́ títí ẹjọ́ náà fi dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ọba sì padà wálé ní 1931. Ìsàlẹ̀ Èkó mọ bí wọ́n ṣe ń jà lórí àga. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà nìyẹn gbà, káńtà yóò sì tì láìpẹ́. Mo bẹ Àlàájà kó máa wọlé.

Ó ti pé oṣù méjì báyìí. Ó pè láti Peckham, ó ní ọmọ ń sanra, òtútù ni kò dáa. Ó ní ọmọ Òkè Pópó ló wà lọ́tùn-ún òun ní 41E ọjọ́sí, ọmọ Láfíàjí lósì, wọ́n sì tàkúrọ̀sọ títí ilẹ̀ fi mọ́. Owó 12A tí wọ́n ní àwọn yóò dá padà kò tíì wọlé. Àlàájà sì ti ránṣẹ́ èyí tó fẹ́ fi padà sílé: ó ní kí n lọ bá òun gba I. Ẹni tó bá mọ ìdílé tó ń jẹ ẹ́, kó jọ̀wọ́ kọ̀wé sí mi nípasẹ̀ olóòtú.